Ọkùnrin Tó Gbọ́n Omi Inú Ọkọ̀ Tuntun

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹ̀rín ni ìfẹ́ ń bá wọlé. Ti Alágídí, èébú ló bá wọlé, òun fúnra rẹ̀ ló sì bú ẹni ẹlẹ́ni.

Bàbá rẹ̀ ló sọ ọmọbìnrin yìí ní Alágídí, láti ọjọ́ tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin tó kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí wọn ò tíì kàn tán. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ìyá rẹ̀ ti di olóògbé, òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ló sì ń kan ọkọ̀ onígi nínú ọgbà kan létí omi. Bàbá Akankọ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pe bàbá yìí. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí ni ọmọ rẹ̀ ń ṣe, á ní, "Ó ń ràn mí lọ́wọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn a máa dun Alágídí wọ egungun. Ta ló ń ya àwòrán ọkọ̀? Òun ni. Ta ló ń wọn pákó, tó ń gé e, tó ń tẹ̀ ẹ́? Òun náà ni. Ìrànlọ́wọ́ wá ni wọ́n ń pe ìyẹn?

Lọ́sàn-án, bó bá ti jẹun tán, á jókòó sórí ìtì igi, á ṣí kọ̀ǹpútà àgbéká rẹ̀, á wọ inú eré kan tí wọ́n ń pè ní Má Kú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló jọ ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á já ọ sí erékùṣù kan lọ́wọ́ òfo. Kí o wá igi, kí o wá iná, kí o kọ́lé, kí ebi má pa ọ́, kí ẹranko má jẹ ọ́, kí aládùúgbò rẹ má sì fi òkúta fọ́ ọ lórí nítorí ẹja kan ṣoṣo. Fún ọdún mẹ́ta gbáko, wíwò lásán ni òkun inú eré náà wà fún. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́, ó di èrò ọ̀run. Ìgbà tó yá ni àwọn tó ni eré náà kéde pé àwọn fẹ́ fi èbúté, pèpéle ìsokọ̀ àti ọkọ̀ ojú omi kún un, pé kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́kọ́ wá dán an wò.

Alágídí dán an wò. Ó kan ọkọ̀ kékeré kan, ó so ó mọ́ pèpéle, ó wọ igbó lọ ṣẹ́gi. Nígbà tó fi máa padà dé, omi òkun ti kún, okùn ò gùn tó, ó ti fa imú ọkọ̀ sísàlẹ̀, ọkọ̀ ti rì. Ó kan òmíràn, ìyẹn náà rì. Nígbà tí ẹ̀kẹta rì, inú bí i, ó lọ síbi tí wọ́n ní kí wọ́n máa kọ ẹ̀sùn sí, ó kọ ọ́ pé:

"Ẹni tó ṣe pèpéle yìí ò so ọkọ̀ rí láyé rẹ̀. Òkun ń kún, òkun ń fà, pèpéle tìrẹ dúró gbagidi sójú kan. Bí o ò bá mọ omi, ṣé o ò lẹ́nu tí o lè fi béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni?"

Kò tó wákàtí kan tí èsì dé. "Ẹ ṣé gan-an, mà. Èmi ni mo ṣe pèpéle náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé." Àlàyé ọ̀hún gba odindi ojú ìwé mẹ́ta. Nígbà tó wá parí rẹ̀, ó ní, "Àmọ́ òótọ́ lẹ sọ. Mi ò so ọkọ̀ rí. Ṣé ẹ lè kọ́ mi?"

Alágídí rẹ́rìn-ín débi pé bàbá rẹ̀ gbójú sókè nídìí iṣẹ́.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ẹnì kan ló jẹ̀bi, Bàbá, tó sì gbà pé òun jẹ̀bi."

"Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"Ó jọ pé ọkùnrin ni."

"Irọ́ ni," ni Bàbá Akankọ̀ wí, ó sì padà sídìí ìṣó rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Alágídí lọ kọ́ ọ. Ọ́fíìsì àwọn tó ṣe eré náà wà ní òkè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan. Tábìlì márùn-ún ló wà níbẹ̀, okùn iná ká gbogbo ilẹ̀, fèrèsé kan wà tí kì í pa dé àfi tí wọ́n bá ká bébà há a. Ọkùnrin tó dìde pàdé rẹ̀ ga, ó wọ awò ojú, ó sì ti ṣì bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ dè láti òkè délẹ̀. Alálàyé ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Wọ́n ní bí o bá kí i pé ó kú iṣẹ́, á jókòó ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún ọ.

"Ẹ káàbọ̀, mà."

"Má pè mí ní mà mọ́. Mo ti bú ọ, ojúlùmọ̀ ni wá."

Alágídí ní kí wọ́n bá òun wá omi sínú abọ́. Ó mú pálí, ó gé e bí pèpéle, ó lu ihò sí igun rẹ̀ mẹ́rin, ó fi igi ìṣáná mẹ́rin gba inú ihò náà, ó sì gbé e sórí omi. "Pèpéle ò gbọdọ̀ dúró sójú kan. Jẹ́ kó léfòó, kí òpó gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí omi bá kún, á bá a gòkè. Bí omi bá fà, á bá a sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ tó so mọ́ ọn á máa bá a lọ." Ó bu omi kún abọ́. Pèpéle gòkè. Ó da omi nù díẹ̀. Pèpéle sọ̀ kalẹ̀.

Alálàyé tẹjú mọ́ abọ́, òun náà bu omi sí i, ó tún dà á nù, láìṣàlàyé ohunkóhun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yíjú wò ó bóyá ara rẹ̀ ò yá ni.

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni Alágídí ń gun àtẹ̀gùn yẹn. Ó kọ́ wọn pé igi ìdí ọkọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ tẹ́, pé ìhà rẹ̀ ló tẹ̀ lé e, kí wọ́n tó wá máa fi pákó bò ó lára, pé èbúté tó bá kọjú sí afẹ́fẹ́, àgbákò ni fún ọkọ̀. Ohun tó bá sọ ní Ọjọ́bọ̀ yìí, á ti wà nínú òkun Má Kú kí Ọjọ́bọ̀ mìíràn tó pé. Kò sẹ́ni tó ti gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu bẹ́ẹ̀ rí. Bó bá ń padà sílé, á máa bá ara rẹ̀ wí pé iṣẹ́ ni, iṣẹ́ lásán ni. Àmọ́ ní Ọjọ́rú, á ti máa wá ẹ̀wù tó máa wọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ni Alálàyé sìn ín dé ìsàlẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà aránṣọ, ó fa bébà yọ lápò.

"Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ kó má bàa dà rú mọ́ mi lẹ́nu."

Alágídí wo bébà náà. Ojú ìwé mẹ́rin. "Ṣé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni?"

"Òun ni. Ojú ìwé kẹta ló wà. Méjì àkọ́kọ́, mo fi ń ṣàlàyé bí—"

"Ka ojú ìwé kẹta."

Ó ṣí i. "'Bí Ọjọ́bọ̀ bá ti kọjá, n kì í mọ ohun tí wọ́n dá ọjọ́ yòókù fún.'"

Inú Alágídí dùn débi pé ó bínú. Ta ló ní kí ọkùnrin yìí sọ ohun tó wà lọ́kàn òun jáde? "Lọ kọ ojú ìwé karùn-ún," ló wí, "kí o fi bẹ bàbá mi."

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Sátidé ni wọ́n fi àdéhùn sí. Ìtara ò jẹ́ kí Alálàyé lè sùn. Aago méje ló dé ọgbà. Bàbá àti ọmọ ti lọ sọ́dọ̀ onígẹdú lọ yan igi. Kò sẹ́ni kankan nínú ọgbà, àfi ọkọ̀ tuntun kan tí wọ́n so sínú omi tí ò jìn, tí omi ti kún inú rẹ̀ dé etí.

Ọkùnrin tó ti wo ọkọ̀ tó ń rì nínú kọ̀ǹpútà láti oṣù mẹ́rin, ara rẹ̀ ò lè gbà á. Ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ẹ̀wù tuntun tó tìtorí àna rà, ó wá korobá, ó kó sómi. Wákàtí mẹ́ta ló fi gbọ́n ọn. Nígbà tí Bàbá Akankọ̀ àti ọmọ rẹ̀ máa fi wọlé, ọkọ̀ ti gbẹ, oòrùn ti ń ta á, Alálàyé sì dúró láàárín rẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ ń kán tótó, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà! Ọkọ̀ yín ti fẹ́ẹ̀ rì pátápátá. Mo ti bá yín gbà á là."

Àpò ìṣó bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Akankọ̀. "Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà. Mo kàn wò ó pé—"

"Ọjọ́ mẹ́ta! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo ti fi ń fún un lómi mu!"

Àṣé ọkọ̀ onígi tuntun gbọ́dọ̀ mu omi. Pákó gbígbẹ a máa fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ara wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ kó rì sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan, pákó á wú, àlàfo á dí, ọkọ̀ á wá jẹ́ ọkọ̀. Ọ̀la gan-an ni ẹni tó ni ọkọ̀ náà ń bọ̀ wá gbé e. Oòrùn sì ti là á lẹ́nu padà. Alágídí dúró níbẹ̀, kò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín ni tàbí kóun sunkún. Ohun gbogbo lòun kọ́ ọkùnrin yìí, àfi èyí. Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ òun lára débi pé òun ò mọ̀ pé ó yẹ ní kíkọ́ èèyàn.

"Kí tiẹ̀ niṣẹ́ rẹ?" ni bàbá bi í.

"Ọkọ̀ ni mò ń ṣe, sà."

"Ìwọ? Ọkọ̀ wo?"

"Ọkọ̀ inú... inú eré, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé—"

"Má ṣàlàyé. Wọ bàtà ẹ."

Àbúrò Bàbá Akankọ̀ obìnrin, agbẹ̀bí tó ti gbẹ̀bí ìdajì àdúgbò, ló wá di alárinà. Àǹtí Agbẹ̀bí ni wọ́n ń pè é. Ó lọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn ẹ̀kẹta ló tó bọ́ gèlè sílẹ̀ níwájú Alágídí.

"Ó ní bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ó ní òun ò lè fi ọgbà tóun ti fi ogójì ọdún kọ́ lé ẹni tí ò mọ̀ pé ọkọ̀ ń mu omi lọ́wọ́. Ọmọ onígẹdú ló wù ú. Ó ní ọmọ yẹn mọ igi."

"Ó mọ bí wọ́n ṣe ń tà á, Àǹtí. Kò gbé ayùn rí."

"Èmi kọ́ ni kó o bá jà, ọmọ mi. Ó tún ní bí o bá fẹ́ Alálàyé, kó o má fẹsẹ̀ tẹ ọgbà òun mọ́."

Alágídí jókòó. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára ju bó ṣe rò lọ. Kò síbi tóun mọ̀ láyé tó ọgbà yẹn. Bí òun bá dijú, òun mọ ibi tí gbogbo irinṣẹ́ wà. Ìfẹ́ dùn, ta ló jiyàn? Ṣùgbọ́n ṣé ìfẹ́ á gbé igi fún un gbẹ́ láàárọ̀? Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, nígbà tó sì yá ó rí i pé ẹni tó gbé ìbéèrè náà kalẹ̀ ló yẹ kóun lọ bá. Ó dìde.

Bàbá rẹ̀ ń pọ́n àáké. Kò gbójú sókè.

"Bàbá, ẹni tó máa fẹ́ mi lẹ ń wá, àbí ọ̀gá tó máa jókòó ti ọgbà?"

"Méjèèjì ni. Èmi ò bí ọkùnrin."

"Ẹ bí mi."

"Ṣé mo ní mi ò bí ọ ni?"

"Ọkọ̀ mọ́kànlá ló ti jáde níbí láti ọdún méjì, Bàbá. Ta ló ya àwòrán wọn?"

"O ràn mí—"

"Mi ò ràn yín. Èmi ni mo yà wọ́n. Ọ̀gá tẹ́ ẹ̀ ń wá kiri ti wà níwájú yín láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ sì ń rán an ní ìṣó."

Àáké dúró lórí òkúta. Ojú bàbá pọ́n. "Àgídí yìí ló máa bà ọ́ jẹ́."

"Ẹ̀yin lẹ sọ mí lórúkọ."

"Bó o bá fẹ́ ọmọkùnrin yẹn, màá ti géètì."

"Ẹ tì í, Bàbá," ni Alágídí wí, ó sì lọ gbá èérún igi tó kù nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, nítorí kò fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí. Lẹ́yìn ìyẹn ló kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé Àǹtí.

Ọjọ́ tí èbúté ṣí nínú Má Kú fún gbogbo ayé, ariwo kún ọ́fíìsì òkè aránṣọ. Kí wákàtí kan tó pé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti ń kan pèpéle, wọ́n ti ń tẹ́ igi ìdí ọkọ̀. Alálàyé sì ti fi nǹkan kan kún un tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni: ọkọ̀ tí wọn ò bá kọ́kọ́ fún lómi mu, yóò máa jò. Ẹnì kan kọ̀wé láti ọ̀nà jíjìn pé, "Wèrè wo ló ní kí n ri ọkọ̀ mi kí n tó lè wà á?" Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín, àfi ẹni méjì.

Alálàyé fa Alágídí sídìí fèrèsé. "Mo ti rò ó. Mi ò fẹ́ kí o pàdánù ọgbà nítorí mi. Jẹ́ kí n yẹra."

"Ṣé mo ní kí o yẹra?"

"Rárá, àmọ́ bí a bá wò ó dáadáa—"

"Bàbá mi ń yan ọkọ fún mi, ìwọ náà ń yan ìbànújẹ́ fún mi. Ìgbà wo ni èmi fúnra mi máa yan nǹkan? Ìwọ ni mo fẹ́. Mo sì fẹ́ ọgbà. Mi ò ní fi ọ̀kan ra ọ̀kan. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, sọ pé ẹ̀rù ń bà ọ́, má fi àánú bò ó."

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ó ń ba èmi náà. Kí ni wọ́n ń ṣe ní ọ́fíìsì ìgbéyàwó?"

"Wọ́n á kọ́kọ́ lẹ orúkọ wa mọ́ ògiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn lè wá sọ̀rọ̀."

"Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ síta gbangba, níbi tí bàbá mi á ti rí i."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sán Jimọ̀, wọ́n jókòó síwájú akọ̀wé ìgbéyàwó, obìnrin kan tó ń fi bírò tẹ̀ lé ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù.

"Iṣẹ́ ọkọ?" Alálàyé sọ tirẹ̀, ó sì rántí pé kò gbọdọ̀ gùn.

"Iṣẹ́ ìyàwó?"

"Akankọ̀."

"Iṣẹ́ bàbá yín kọ́ ni mo béèrè, mà."

"Iṣẹ́ mi ni mo sọ fún yín."

Akọ̀wé kọ ọ́. Ìgbà mẹ́ta ni Alágídí wẹ̀yìn wo ẹnu ọ̀nà. Àga tí wọ́n tẹ́ fún bàbá rẹ̀ ṣófo. Ó dùn ún, ó dùn ún gan-an, kò sì purọ́ fún ara rẹ̀ pé kò dun òun. Ó gba bírò, ó fọwọ́ sí i. Àǹtí Agbẹ̀bí fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ó ń fi etí gèlè nu ojú.

Nígbà tó di àárọ̀ Mọ́ńdè, ìyàwó tuntun wọ aṣọ iṣẹ́.

Ó mọ̀ pé bàbá rẹ̀ ti fi àgádágodo sí géètì. Ó tún mọ̀ pé Mọ́ńdè ni wọ́n ń tẹ pákó. Láti ìdájí ni pákó ti máa wà nínú àpótí gígùn tí ooru omi ń hó sí. Bó bá ti jáde, kí ó tó tutù ni wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìhà ọkọ̀, iṣẹ́ náà sì ju ẹnì kan lọ. Ọmọ onígẹdú ló ti ń di ìdí kejì mú láti ìgbà tí Alágídí ti kúrò. Àmọ́ láti ọjọ́ tó gbọ́ pé ìyàwó ti bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, kò yọjú mọ́. Alágídí ò tiẹ̀ gba ọ̀nà géètì. Ó yá ọkọ̀ apẹja kan, Alálàyé ń wa ọkọ̀ náà tipátipá, wọ́n sì gba ojú omi wọlé.

Bàbá Akankọ̀ ti fi àkísà wé ọwọ́, ó ti fa pákó jáde, orí kan wà láyà rẹ̀, orí kejì ń wó lọ sílẹ̀. Ó rí ọmọ rẹ̀ tó bọ́ sínú omi tó mù ún dé orúnkún. Kò sẹ́ni tó kí ẹnì kejì. Alágídí gbá ìdí pákó mú, ó gbé e sókè, wọ́n tẹ̀ ẹ́, bàbá kàn án. Nígbà tí ìṣó tó kẹ́yìn wọlé ni wọ́n tó mí.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Mo ti ti géètì."

"Mo rí i. Ẹ ò ti omi."

Bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ ra etí pákó. Pákó náà jókòó dáadáa, kò sí àlàfo. Ó wá wo ojú omi, níbi tí Alálàyé jókòó sí pẹ̀lú àjẹ̀ lórí itan.

"Pákó kejì ti ń hó. Ó ń fẹ́ ẹni tó máa di àárín mú. Sọ fún ọkùnrin yẹn kó bọ́ọ́lẹ̀."

Alágídí ò mira. "Ọkùnrin wo?"

"Èyí tó wà nínú ọkọ̀."

"Mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ooru ń yọ lẹ́nu àpótí. Bí pákó bá pẹ́ jù níbẹ̀, á bà jẹ́. Àwọn méjèèjì ló mọ̀. Bàbá wo ọmọ, ọmọ wo bàbá, kò sí èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ gbójú kúrò. Ẹni tó bí Alágídí, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò bí tirẹ̀ ṣe máa rí.

Nígbà tó pẹ́, Bàbá Akankọ̀ mí kanlẹ̀. Ó kọjú sí omi, ó gbé ohùn sókè kí gbogbo etíkun lè gbọ́.

"Àna mi! Bọ́ọ́lẹ̀, wá bá wa di pákó mú."

Alálàyé fò sínú omi tòun ti bàtà. Bàbá ṣí àpótí, ooru bo ojú rẹ̀, ó sì dúró, ó ń wo ọmọ rẹ̀ nínú ooru náà.

"Iwájú ni ká ti bẹ̀rẹ̀ ni," ló bi í, "àbí ẹ̀yìn?"

"Iwájú, Bàbá," ni Alágídí wí.

Iwájú ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀.